Gbèsè Tí Wọn Kò Jẹ: Bí Ìjọba Ọsirélíà Ṣe Béèrè Owó Ìrànwọ́ Padà

Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan ní òkè òkun, ìjọba a máa san owó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fún aláìsàn, fún arúgbó, fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní olùrànlọ́wọ́, àti fún ẹni tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti tọ́jú abirùn inú ilé rẹ̀. Inú owó orí tí gbogbo ará ìlú ń san ni a ti ń mú owó yìí, nítorí náà a kì í san án láìsí ìwọ̀n. Ẹni tí ń gbà á ní láti máa sọ fún ìjọba, ní àkókò tí a dá fún un, iye owó tí ó wọlé fún un láti ibòmíràn. Bí èyí bá ti ń pọ̀ sí i ni owó ìrànwọ́ náà yóò máa dínkù, títí yóò fi tán pátápátá.

Níbi tí owó bá ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn báyìí, àṣìṣe kò lè ṣàì wà. Ẹlòmíràn rí iṣẹ́, kò sì tètè sọ. Ẹlòmíràn sọ, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó gba ìwé rẹ̀ kọ iye tí kò tọ́. Àwọn díẹ̀ sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà ṣẹlẹ̀, owó tí ó ju ẹ̀tọ́ lọ ti jáde nínú àpò ìlú, ìjọba sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tí ó jiyàn èyí. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ìbéèrè kan tí ó dà bí ẹni pé ó kéré: ta ni ó yẹ kí ó fi ẹ̀rí hàn pé owó náà pọ̀ jù lóòótọ́?

Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, láàárín ọdún 2015 sí ọdún 2019, ìjọba dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà tí kò tọ́, ó sì ná an ní owó tí kò ṣeé fi ẹnu sọ. Àwọn ènìyàn tí wọ́n tó 433,000 ni a kọ̀wé gbèsè sí ní ọ̀nà tí kò bá òfin mu. Ìtàn náà yẹ ní gbígbọ́ pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé ìṣirò kan ṣoṣo, èyí tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe, ni ó wà ní ìdí gbogbo rẹ̀.

BÍ A TI Ń ṢE É TẸ́LẸ̀

Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń san owó ìrànwọ́ ní Ọsirélíà ni a ń pè ní Centrelink. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń sanwó, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì náà sì ni ẹni tí ń gbà á ń sọ iye tí ó rí níbi iṣẹ́, bí ó bá rí nǹkan kan. Lọ́tọ̀ ni ọ́fíìsì owó orí wà. Àwọn agbanisíṣẹ́ a máa fi àpapọ̀ owó tí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yìí.

Fún ọdún pípẹ́ ni ìjọba ti ń fi ìwé méjèèjì wé ara wọn. Bí ohun tí òṣìṣẹ́ sọ fún Centrelink bá yàtọ̀ sí ohun tí agbanisíṣẹ́ sọ fún ọ́fíìsì owó orí, a ó gbé ìwé náà fún akọ̀wé kan. Akọ̀wé yìí yóò wádìí. Yóò bi ẹni náà léèrè, bí ó bá sì di dandan yóò kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ pé kí ó sọ ọ̀sẹ̀ tí ó san owó náà gan-an. Ìgbà tí ó bá rí òkodoro ni yóò tó sọ pé gbèsè wà tàbí kò sí.

Bí gbèsè bá wà lóòótọ́, ọ̀nà tí a ń gbà gba owó náà padà kò yàtọ̀ púpọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹni tí ó ṣì ń gba owó ìrànwọ́, a ó máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú èyí tí ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti rí iṣẹ́ lè dá àdéhùn pé òun yóò máa san án ní ìdá-kékeré-ìdá-kékeré. Bí ọ́fíìsì owó orí bá ní owó láti dá padà fún un ní ìparí ọdún, ìjọba lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Òfin Ọsirélíà sì fi àyè sílẹ̀ fún ìdáríjì: bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó fa àsanjù náà, tí ẹni tí ó gbà á sì gbà á pẹ̀lú ọkàn mímọ́, a lè pa gbèsè náà rẹ́.

Ọ̀nà àtijọ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Iye ìwé tí àwọn akọ̀wé lè yẹ̀ wò ní ọdún kan kò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Nínú ètò ìṣúná ọdún 2015, ìjọba kéde pé òun fẹ́ gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó padà sínú àpò ìlú. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, a mú ọwọ́ akọ̀wé kúrò níbẹ̀, a sì fi iṣẹ́ náà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 2016, nǹkan bí 20,000 ìwé ni ó ń jáde ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ará Ọsirélíà fún ètò náà ní orúkọ ìnagijẹ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn títí di òní, Robodebt, èyí tí í ṣe gbèsè tí ẹ̀rọ bí.

ÌṢIRÒ TÍ Ó WÀ NÍ ÌDÍ RẸ̀

Ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ kò sọ ju àpapọ̀ owó ọdún lọ. Kò sọ ọ̀sẹ̀ tí a san án. Ṣùgbọ́n òfin owó ìrànwọ́ kò béèrè owó ọdún. Ohun tí ó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan ni ó ń béèrè. Láti dí àlàfo yìí, kọ̀ǹpútà mú àpapọ̀ owó ọdún, ó pín in sí ọ̀nà 26 tí ó dọ́gba, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì 26 ni ó wà nínú ọdún. Ó wá gbà pé iye kan náà ni ó ń wọlé fún òṣìṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀.

Kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì mú ìṣirò náà rọrùn. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà fún oṣù mẹ́fà, ó sì gba 26,000 dọ́là. Lẹ́yìn èyí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà tí ó kù. Ìjọba ń san 500 dọ́là fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìgbà 13 ni ó gbà á, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 6,500 dọ́là. Kò purọ́ kankan. Ó sọ pé òun kò rí owó iṣẹ́ kankan ní oṣù mẹ́fà náà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí.

Kọ̀ǹpútà wá pín 26,000 dọ́là sí ọ̀nà 26, ó rí 1,000 dọ́là. Ó ní ọmọbìnrin yìí ń gba 1,000 dọ́là ní ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan, àní ní àkókò tí ó jókòó sílé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń gba iye bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́, a jẹ́ pé gbogbo 6,500 dọ́là náà di gbèsè. Bí kò bá dáhùn ìwé tí a kọ sí i ní àkókò tí a dá, a lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, yóò sì di 7,150 dọ́là. Kò sì jẹ gbèsè kọ́bọ̀.

Àgbẹ̀ tí ń gbin kòkó kò ní pẹ́ rí ibi tí irọ́ náà wà. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni owó kòkó ń wọlé jù. Bí akọ̀wé kan bá mú gbogbo rẹ̀, tí ó pín in dọ́gba sí oṣù 12, ìwé rẹ̀ yóò fi hàn pé owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà ní oṣù kẹfà, nígbà tí ó jẹ́ pé ní oṣù kẹfà gan-an ni ó ń wá ẹni tí yóò yá a ní owó oògùn kòkó. Ìṣirò akọ̀wé náà pé. Owó náà ni kò sí nílé.

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í yí padà kò ní rí ìyọnu nínú irú ìpín bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tí ń gba owó ìrànwọ́ kì í sábà jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, ẹni tí a gbà lónìí tí a sì dá dúró lọ́la.

ẸNI TÍ A FI Ẹ̀SÙN KÀN NI Ó Ń WÁ Ẹ̀RÍ

Ìwé tí ó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn béèrè pé kí wọ́n fi hàn pé ìṣirò kọ̀ǹpútà kò tọ́. Wọ́n ní láti wá ìwé owó oṣù tí wọ́n gbà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn kan ti sọ tiwọn nù. Ilé iṣẹ́ àwọn mìíràn ti kógbá sílé, ọ̀gá kò sì sí mọ́ tí wọn yóò lọ bá. Ọ̀pọ̀ ti ṣí kúrò nílé tí a kọ̀wé sí, nítorí náà wọn kò rí ìwé kankan títí gbèsè fi di òdodo lójú kọ̀ǹpútà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; ṣùgbọ́n níhìn-ín kò tilẹ̀ sí àgbà kankan tí ó jókòó láti gbọ́ ẹjọ́.

Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì gbọ́ nípa ológò ayé àtijọ́, ẹni tí a ń rán lọ jókòó ti ajigbèsè nílé rẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa mú adìẹ rẹ̀ jẹ, títí owó yóò fi jáde. Àwọn ológò ti Ọsirélíà jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tí ìjọba háyà; tẹlifóònù àti lẹ́tà ni ohun ìjà wọn. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Ẹni tí ó rán ológò àtijọ́ mọ iye tí ó yá ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ọsirélíà san owó tí wọn kò jẹ, nítorí pé ẹ̀rù bà wọ́n, tàbí nítorí pé wọ́n gbàgbọ́ pé ìjọba kò lè ṣìṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkìlọ̀ kò ṣàì wà láàárín ìjọba fúnra rẹ̀. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 2014, àwọn agbẹjọ́rò inú ilé iṣẹ́ ìjọba kan ti sọ pé irú ìpín dọ́gba bẹ́ẹ̀ kò bá òfin mu. A kò tẹ̀lé ìmọ̀ràn wọn. Ní ọdún 2017, Terry Carney, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, tí ó ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìpinnu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, dá ẹjọ́ mélòó kan pé gbèsè tí a gbé ka orí ìpín dọ́gba nìkan kì í ṣe gbèsè. Ìjọba kò tako àwọn ìdájọ́ náà níwájú ilé ẹjọ́ tí ó ga jù. Nítorí pé a kì í tẹ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ jáde fún aráyé, wọn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi àwọn tí ó gbé ẹjọ́ wọn wá, kọ̀ǹpútà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

ILÉ ẸJỌ́ DÁ SÍ I

Ọ̀dọ́bìnrin kan ní ìlú Melbourne ni ó mú ọ̀ràn náà dé ibi tí a kò ti lè bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti gba owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2012. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kọ̀ǹpútà sọ pé ó jẹ gbèsè tí ó lé ní 2,700 dọ́là, a sì gbẹ́sẹ̀ lé owó tí ọ́fíìsì owó orí fẹ́ dá padà fún un. Àwọn agbẹjọ́rò tí ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Victoria gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Nígbà tí ìjọba wá ṣe ìṣirò náà bí ó ti yẹ, gbèsè rẹ̀ gan-an kò pé dọ́là méjì.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá, ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ ti Ọsirélíà pàṣẹ, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ìjọba fúnra rẹ̀, pé ìbéèrè owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú òfin. Ìpín dọ́gba owó ọdún kan kò tó ẹ̀rí láti fi sọ pé ènìyàn jẹ gbèsè ní ọ̀sẹ̀ kan pàtó. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìgbà náà ni ìjọba ti kéde pé òun kò ní gbé gbèsè ka orí ìpín dọ́gba nìkan mọ́.

Àwọn yòókù kóra jọ, wọ́n sì pe ẹjọ́ kan ṣoṣo lápapọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìjọba gbà láti dá owó padà. Nígbà tí Adájọ́ Bernard Murphy fọwọ́ sí ìparí ẹjọ́ náà ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó ka iye rẹ̀ sílẹ̀: gbèsè tí a kà sí àwọn ènìyàn lọ́rùn láìbófinmu lé ní bílíọ̀nù 1.7 dọ́là, èyí tí a sì ti gbà lọ́wọ́ wọn tó 751 mílíọ̀nù dọ́là, lọ́wọ́ nǹkan bí 381,000 ènìyàn. A dá owó wọn padà, a pa gbèsè tí ó kù rẹ́, ìjọba sì fi 112 mílíọ̀nù dọ́là lé e fún gbà-má-bínú. Ètò tí a dá sílẹ̀ láti kó owó wọ àpò ìlú wá di ohun tí ń kó o jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba tún gbà láti fi 475 mílíọ̀nù dọ́là lé e.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Catherine Holmes darí, ẹni tí ó ti jẹ́ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ Queensland rí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 7, oṣù keje, ọdún 2023, pẹ̀lú àbá 57. Ìròyìn náà kò wá ọ̀rọ̀ dídùn: ètò tí ó kún fún ìkà ni, kò tọ́, kò sì bófin mu. Ìyá méjì wá síwájú ìgbìmọ̀ náà láti sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin wọn, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn lẹ́yìn tí a béèrè owó yìí lọ́wọ́ wọn. Kò sí owó tí ìjọba lè dá padà fún àwọn obìnrin wọ̀nyí.

FÚN ÀWỌN TÍ Ó NÍ ỌMỌ NÍ ÌLÚ ỌBA

Ọ̀ràn àsanjù kì í ṣe ti Ọsirélíà nìkan, ó sì kan ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀nà kan. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ìlú Ọba, àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n ti di ọmọ onílẹ̀ tàbí tí a ti fún ní ìwé àṣẹ láti gbé ibẹ̀ títí, sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́.

Níbẹ̀, ẹni tí ó bá ń tọ́jú abirùn fún wákàtí 35 ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ kan lè gba owó olùtọ́jú. Ó lè ṣe iṣẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òpin wà fún iye tí ó lè gbà níbi iṣẹ́ náà. Ní ọdún ìṣúná 2024 sí 2025, òpin yìí jẹ́ £151 ní ọ̀sẹ̀ kan, owó olùtọ́jú fúnra rẹ̀ sì jẹ́ £81.90. Ẹni tí ó bá fi pọ́n-ùn kan péré kọjá òpin náà yóò pàdánù gbogbo owó ìrànwọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, kì í ṣe pọ́n-ùn kan. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ni ó kọjá òpin náà díẹ̀ láìfura. Ìjọba, tí ọ́fíìsì owó orí ti ta lólobó, kò tètè sọ fún wọn, gbèsè náà sì ń ga bí òkìtì ọ̀gán títí ó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni a gbé òpin náà lọ sí £196.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìpín dọ́gba tún wà nínú ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ó yí orí padà. Ní Ọsirélíà, a pín owó níbi tí kò yẹ kí a ti pín in. Ní Ìlú Ọba, òfin gbà pé kí a pín owó ẹni tí ó ń rí púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ó ń rí díẹ̀ ní èkejì, kí ọ̀sẹ̀ kan tí ó dára má bàa ṣe é ní ibi. Ìwádìí tí Liz Sayce darí, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlànà tí àwọn akọ̀wé ń tẹ̀lé lórí èyí kò bá òfin mu. Ìjọba gbà láti tún àwọn ìwé náà yẹ̀ wò, kí a sì dín gbèsè kù tàbí kí a pa á rẹ́ fún àwọn tí ó bá yẹ.

Òfin ibẹ̀ le ju ti Ọsirélíà lọ ní ọ̀nà kan: ìjọba lè gba àsanjù owó ìrànwọ́ tí a ń pè ní Universal Credit padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe àṣìṣe náà. Ní ti ohun tí a ń yọ ní oṣooṣù nínú owó náà láti fi san irú gbèsè bẹ́ẹ̀, láti òpin oṣù kẹrin ọdún 2025 ni a ti dín òpin rẹ̀ kù láti ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìpìlẹ̀ owó ìrànwọ́ sí ìdá 15. Ẹni tí yíyọ náà bá ń ni lára lè kọ̀wé pé kí a dín in kù sí i.

Ẹni tí ìwé àsanjù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí a ti ṣe ìṣirò náà, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ó tó san nǹkan kan. Bí kò bá gbà pé ó tọ́, yóò kọ̀wé láàárín oṣù kan pé kí a tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò. Bí èsì kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń san owó náà. Ọjọ́ tí a kọ sí orí ìwé ìpinnu náà ni a ti ń ka oṣù kan yìí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín ṣí i.